Wáyà lẹ́nu, àlìkámà léèwọ̀: bí mo ṣe ń to eyín mi pẹ̀lú àìsàn celiac

  Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí ẹ kà á ju kí ẹ gbọ́ ọ lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Mo ti yọ gbogbo ikọ́ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò níbẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni èmi sábà máa ń wà, tí mo ń gé ohùn àwọn àlejò wa, tí mo ń tò ó pọ̀. Lónìí, èmi fúnra mi ni àlejò. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń béèrè pé kí ló dé tí ohùn mi yí padà, pé mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi súìtì sẹ́nu. Súìtì kọ́ o. Wáyà ni. Ọmọ ọdún 26 ni mí, ó sì ti tó oṣù 11 báyìí tí wáyà eyín ti wà lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ wáyà nìkan ì bá má tó ohun tí a ń jókòó sọ. Ṣùgbọ́n mo tún ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní celiac. Ìyẹn ni pé n kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì, n kò gbọdọ̀ jẹ índómì, n kò gbọdọ̀ jẹ sẹ̀mó, títí ayé mi. Nígbà tí méjèèjì pàdé lẹ́nu kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó kù díẹ̀ kí n fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́.

Oṣù kẹta tí mo wọ wáyà ni. Aago méjì òru. Mo dúró síwájú dígí ní balùwẹ̀, mo mú páláyà tí mo fi ń tún okùn máíìkì ṣe lọ́wọ́, mo fẹ́ fà á yọ. Egbò méje ló wà lẹ́nu mi lóru ọjọ́ yẹn. N kò lè jẹun, n kò lè sùn, n kò lè gbé ètò sílẹ̀. Wáyà ni mo dá lẹ́bi. Wáyà kò sì jẹ̀bi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Kí ni celiac gan-an?

Kì í ṣe alẹ́jì bíi ti ẹni tó jẹ edé tí ojú rẹ̀ wú. Kì í sì ṣe àṣejù àwọn tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń sanra. Nínú ara gbogbo wa, àwọn sójà kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá àrùn jà. Gluten ni èròjà tó máa ń jẹ́ kí fùláwà búrẹ́dì fà bíi rọ́bà nígbà tí wọ́n bá ń pò ó. Tí ẹni tó ní celiac bá jẹ ẹ́, àwọn sójà ara rẹ̀ á gbé ìbọn, wọ́n á yí i sí ìfun tirẹ̀ gan-an.

Ìfun kékeré wa ní àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ nínú, tó dà bí irun ara táwẹ̀lì. Àwọn ló ń fa èròjà oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ìjà yẹn bá pẹ́, irun táwẹ̀lì á wó lulẹ̀. Ènìyàn á máa jẹun, ara kò ní rí i lò. Ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù, egungun kò ní rí kálísíọ́ọ̀mù tó, ó á máa rẹ ènìyàn ṣáá.

Inú àlìkámà, ọkà bálì àti rye ni gluten wà. Kò sí nínú ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà, iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀wà. Ẹ má gbàgbé àwọn orúkọ yìí, a ó padà síbẹ̀.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àlìkámà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ń fura tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ìyàn tó mú ní ilẹ̀ wọn láàárín 1944 sí 1945, tí ogun ń jà, tí búrẹ́dì sì di ohun tí ojú ń wá, ó ṣàkíyèsí pé ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí ń yá sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé.

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni. Ẹ gbọ́ ná. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 rí i lára ọmọ tó lé ní 5 nínú gbogbo 100 láàárín àwọn Saharawi, àwọn ará aṣálẹ̀ Sàhárà. Áfíríkà wa níbí náà ni. Káàkiri àgbáyé, bí ẹnì kan nínú 100 ni wọ́n ṣírò pé ó ní in.

Èmi ńkọ́? Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń tọ́jú taífọ́ọ̀dù tí n kò ní. Inú á wú, ìgbẹ́ á yí padà, wọ́n á ní taífọ́ọ̀dù ni. Ó rẹ̀ mí, ibà ni. Ìgbà tí mo dákú lẹ́nu iṣẹ́ ni dókítà kan tó mọ̀ nípa inú tó béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí: "Àǹtí, kí lẹ máa ń jẹ láàárọ̀?" Búrẹ́dì ni, lójoojúmọ́, láti ilé ìwé gíga. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, lẹ́yìn náà wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ọ̀fun mi wọ inú ìfun, wọ́n sì gé ẹran kékeré níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi tí mo ń fi kámẹ́rà jẹun, kámẹ́rà náà wá jẹ mí.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń fura sí ara rẹ̀, ẹ má tíì dá búrẹ́dì dúró kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò. Tí ẹ bá ti dá a dúró fún ìgbà pípẹ́, àyẹ̀wò náà lè purọ́ fún yín pé kò sí nǹkan kan.

"Ṣé èjí rẹ lo fẹ́ lọ dí?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Màámi bi mí nìyẹn. Èjí wà lókè eyín mi, bí ó ṣe wà lẹ́nu Màámi, bí ó ṣe wà lẹ́nu ìyá tó bí wọn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èjí jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹwà ni. Àwọn kan ń sanwó kí wọ́n lè fi fáìlì la tiwọn. Mo wá fẹ́ kó owó tí mo fi pamọ́ fún kámẹ́rà tuntun fún ẹni tó máa dí èyí tí Ọlọ́run fún mi lọ́fẹ̀ẹ́?

Kì í ṣe èjí ló ń dà mí láàmú. Eyín ìsàlẹ̀ ni. Wọ́n gun ara wọn bí èrò inú dánfó ní Ojúẹlẹ́gba. Búrọ́ọ̀ṣì kò dé àárín wọn, méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ọ̀kan sì ń gé mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mo bá ń jẹun. Dókítà tó ń to eyín fọkàn Màámi balẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Mà, kò sí òfin tó ní ká dí èjí. A ó to ìyókù, a ó fi èjí sílẹ̀." Màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ má kàn án o."

Báwo ni wáyà tiẹ̀ ṣe ń sún eyín àgbàlagbà? Mo rò pé agídí ni. Kì í ṣe agídí. Eyín kì í ṣe òpó tí wọ́n rì mọ́ kọ́ńkéré. Okùn wẹ́wẹ́ ló so ó mọ́ egungun àgbọ̀n. Tí wáyà bá rọra ń tì í sí apá kan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ egungun tó wà níwájú rẹ̀, á sì máa mọ egungun tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, wáyà kàn ń júwe ọ̀nà fún un ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè gba ọdún kan àbọ̀ sí méjì, tí ẹ ó sì máa padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kí wọ́n tún un fún.

Ibi tí celiac ti kan eyín

Níbí ni mo ti kọ́kọ́ ya ẹnu. Mo rò pé inú nìkan ni àìsàn mi wà. Dókítà eyín gbé dígí kékeré sẹ́nu mi, ó béèrè pé, "Láti ìgbà wo ni àwọn àmì yìí ti wà níbí?"

Mo ní àwọn ibì kan lára eyín iwájú tó funfun bí ẹfun, tí àwọn kan sì pọ́n díẹ̀, tó ní ihò ṣóńṣó. Láti kékeré ni. Wọ́n ti bá mi wí títí. Wọ́n ní súìtì ni. Wọ́n ní n kì í fọ eyín. Àǹtí mi kan tiẹ̀ máa ń dúró tì mí láràárọ̀ pẹ̀lú pákò lọ́wọ́.

Awọ òde eyín ni ohun tó le jù nínú gbogbo ara ènìyàn. Ìgbà tí a wà lọ́mọdé ni ara ń mọ ti eyín àgbà sínú àgbọ̀n, kí eyín náà tó yọ jáde. Tí celiac bá ti ń jà lára ọmọ lásìkò yẹn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, awọ náà lè má gbó dáadáa. Àmì rẹ̀ máa ń rí bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tèmi rí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí eyín rẹ̀ bá ní àbàwọ́n ló ní celiac o, nǹkan mìíràn náà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí àga yẹn, mo sì ronú nípa gbogbo ìbáwí yẹn.

Nǹkan méjì ni èyí yí padà nínú ìtọ́jú mi. Èkíní, wọ́n máa ń fi ásíìdì díẹ̀ ha ojú eyín kí gọ́ọ̀mù tó lè mú irin kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí awọ eyín kò bá le, gọ́ọ̀mù lè má mú dáadáa. Irin tèmi méjì ti já, ibi tí àbàwọ́n yẹn wà náà sì ni. Nítorí pé dókítà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, n kò fòyà.

Èkejì ni egungun. Ẹ rántí pé egungun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹni tí ìfun rẹ̀ kò gba kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì D fún ọ̀pọ̀ ọdún, egungun rẹ̀ lè rọ̀. Dókítà eyín ní kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Fítámì D mi wálẹ̀ gan-an. Mo lo oògùn fún oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó fi irin kankan kàn mí. Inú bí mi nígbà yẹn. Nísinsìnyí mo dúpẹ́.

Ṣé gluten wà nínú wáyà?

Ìbéèrè yìí ni mo béèrè ní tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kan tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹni tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sísítà, ṣé ẹ fẹ́ jẹ wáyà ni?" N kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn rẹ̀ rèé. Irin ni irin, kò sí gluten nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè nípa rẹ̀ ni àwọn nǹkan tó yí i ká: pásítì tí wọ́n fi ń dán eyín kí wọ́n tó lẹ irin, fluoride tí wọ́n ń kùn, ìda tí ẹ ó máa fi bo irin tó bá ń gún yín, omi ìfọnu, àti oògùn ìrora. Sítáàṣì máa ń wà nínú oògùn oníhóró. Ti àgbàdo ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ ẹ bi apòògùn. Tí ó bá di ìgbà tí wọ́n bá bọ́ wáyà, tí wọ́n fún yín ní rọ́bà tí ẹ ó máa fi sẹ́nu lálẹ́ kí eyín má padà síbi tó ti wá, ẹ béèrè nípa ìyẹn náà.

Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn nǹkan yìí ni kò ní gluten. Ṣùgbọ́n "ọ̀pọ̀ jùlọ" kò tó fún mi, nítorí pé kò sí ẹni tó máa bá mi gbé inú rírun náà. Mo kọ orúkọ wọn sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí dókítà eyín ní ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ náà tó pé. Ó wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pààrọ̀ pásítì kan tí kò rí gbogbo èròjà rẹ̀ lára páálí. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Dókítà tó bá kọ̀ láti ṣe ìyẹn fún yín, ẹ wá òmíràn.

Líle ló mọ́, rírọ̀ ló léèwọ̀

Ibi tí wàhálà gan-an wà rèé, kì í ṣe ilé dókítà. Títì ni.

Ẹ bá mi dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù ní Yaba ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ebi ń pa yín. Kí ni àwọn tó ń kiri ń tà? Àwọn nǹkan tí kò ní gluten wà: ẹ̀pà, gúgúrú, kúlíkúlí, ìpékeré, àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn, ìrèké. Ó dáa fún celiac. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló le! Ẹyọ gúgúrú kan lè wọ abẹ́ irin kó já a. Kúlíkúlí, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ẹ wá yíjú sí apá kejì. Kí ló rọ̀ tí wáyà fẹ́ràn? Búrẹ́dì, bọ́ọ̀nsì, puff-puff, meat pie, índómì. Àlìkámà ni gbogbo wọn láti òkè délẹ̀.

Ohun tí wáyà bá gbà, celiac á kọ̀ ọ́. Ohun tí celiac bá gbà, wáyà á kọ̀ ọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, kílò márùn-ún ló bọ́ lára mi. Àwọn ènìyàn ń yìn mí pé mo ti rí bí ọmọge, ebi ló ń pa mí.

Ìwé tí wọ́n fún mi ní ilé ìwòsàn kò ràn mí lọ́wọ́. Ó ní kí n jẹ pasta, pankéèkì àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ọbẹ̀ rin. Ìgbà tí mo gbé ìwé náà sílẹ̀ tí mo rántí ilé ìdáná ìyá àgbà mi ni ojú mi là. Ọ̀gì. Ẹ̀kọ tútù. Mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀gbo àti ẹ̀wà. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì. Àsáró. Ìkọ́kọrẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n tí wọ́n bọ̀. Kò sí ọ̀kan tó le níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó ní àlìkámà nínú. Ohun tí mo sá fún nígbà tí mo dé Èkó, tí mo ń jẹ búrẹ́dì torí ó yá, òun náà ni mo padà sí.

Ẹ má rò pé ó dùn délẹ̀ o. Ewédú àti wáyà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ewédú á rọ̀ mọ́ irin bí ìtàkùn mọ́ igi, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá yín ní ìpàdé láìmọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń wọ abẹ́ wáyà kò gbọdọ̀ kúrò nínú báàgì yín. Gàrí náà, ẹ jẹ́ kó rin dáadáa kí ẹ tó mu ún, kí ẹ sì dágbére fún ẹ̀pà.

Egbò méje

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí balùwẹ̀ yẹn.

Gbogbo ẹni tó bá wọ wáyà tuntun ló mọ̀ pé irin máa ń ha inú ètè. Wọ́n ti sọ fún mi. Mo fi ìda bo irin, mo fi omi gbígbóná tó níyọ̀ fọ ẹnu. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ. Oṣù kejì, egbò tún yọ. Oṣù kẹta, wọ́n di méje. Inú mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo sì ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní wáyà ni, wáyà kò jẹ́ kí n jẹun, ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ̀ mí. Ẹ rí i bí ó ṣe dùn tó láti gbàgbọ́?

N kò fa wáyà yọ lóru yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe ọgbọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá dókítà eyín, mo ní kó bá mi yọ ọ́, kó máa mú owó náà lọ. Ó ní kí n ya ẹnu. Ó wò ó pẹ́. Ó wá fi ọwọ́ tọ́ egbò kan lábẹ́ ahọ́n mi, ó bi mí pé, "Wáyà wo ló kan ibí?"

N kò rí nǹkan sọ. Kò sí wáyà lábẹ́ ahọ́n. Kò sí wáyà ní ẹ̀yìn ọ̀fun, bẹ́ẹ̀ egbò wà níbẹ̀. Ó ní egbò tí irin bá fà, ibi tí irin ti ń kan ara ló máa ń wà. Egbò tó ń yọ káàkiri, tó ń lọ tó ń bọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àmì tí celiac máa ń fi hàn lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà inú yín. Gluten ń wọlé láti ibì kan."

Mo bínú. Mo ní n kò jẹ gluten! Ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ń jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, títí kan ibi tí mo ti rà á. Mo kọ ọ́ sórí fóònù. Láàárọ̀, ọ̀gì àti àkàrà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gì àti àkàrà. Láti ìgbà tí mo wọ wáyà ni mo ti sọ àkàrà di búrẹ́dì mi, torí ó rọ̀. Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, iyọ̀. Níbo ni gluten ti máa wọ ibẹ̀?

Mo lọ bá ìyá alákàrà tó wà ní ìkóríta wa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ tún máa ń dín yàtọ̀ sí àkàrà?"

"Puff-puff ni, ọmọ mi. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dín ìyẹn fún àwọn ọmọ ilé ìwé."

"Ṣé epo kan náà ni, Mà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń ṣe àwàdà. "Epo kan náà ni kẹ̀. Ṣé o mọ iye tí kẹ́ẹ̀gì epo ń jẹ́ báyìí ni?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Fùláwà puff-puff ti ìrọ̀lẹ́ ló ń dúró dè mí nínú epo láàárọ̀. Ìyá alákàrà kò ṣẹ̀ mí. Wọn kò mọ̀, n kò sì béèrè. Oúnjẹ tí wọ́n bá máa pè ní aláìní gluten, ìlànà Codex tó wà fún gbogbo ayé ní kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 nínú kílò kan. Èyí kéré ju ohun tí ojú lè rí. Epo tí wọ́n ti dín fùláwà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fọkàn ṣírò rẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn sójà ti tún jí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkàrà tèmi nílé. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, egbò ìkẹyìn lọ. Kò tíì padà. Wáyà náà ṣì wà lẹ́nu mi, irin kan náà, okùn kan náà.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ohun tí ì bá wù mí kí ẹnì kan ti sọ fún mi rèé:

1. Ẹ jẹ́ kí ìfun yín kọ́kọ́ balẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì D wò kí ẹ tó sanwó wáyà.

2. Ẹ jẹ́ kí dókítà inú àti dókítà eyín mọ̀ nípa ara wọn. Ẹ gba nọ́ńbà ọ̀kan fún èkejì. Nínú ìtàn tèmi, dókítà eyín ló rí ohun tó wà nínú ìfun mi.

3. Ẹ fi àwọn ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ má dúró di ìgbà tí ọwọ́ bá ti wà lẹ́nu yín.

4. Tí egbò bá yọ, ẹ wo ibi tó wà. Ṣé irin kan ibẹ̀? Tí kò bá kan án, ẹ má dá irin lẹ́bi.

5. Ní búkà, ẹ béèrè nípa ìkòkò, epo àti ọmọrogùn. Ọmọrogùn tí wọ́n fi ro sẹ̀mó ni wọ́n tún máa fi ro àmàlà yín. Ẹ béèrè tìfẹ́tìfẹ́, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, wọ́n á sọ òótọ́.

Ẹ gbọ́, ìyá alákàrà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá bí mo ṣe ń kọjá. Wọ́n ní láràárọ̀ Sátidé ni àwọn máa ń da epo tuntun, pé tí mo bá lè tètè dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, tèmi làwọn máa kọ́kọ́ dín, nínú agbada kékeré tí fùláwà kò wọ̀ rí, wọ́n ti fi aṣọ wé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lọ. Mo jẹ mẹ́fà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn títí oòrùn fi yọ, n kò sì ní egbò kankan.

Màámi náà wá sí Èkó lóṣù tó kọjá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní gáréèjì ni pé wọ́n di àgbọ̀n mi mú, wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ra ọjà. Wọ́n ní, "Hẹn, ó ṣì wà níbẹ̀."

Ó ku bí oṣù mẹ́wàá tí wọ́n máa bọ́ wáyà yìí. Tí ẹ bá ní celiac, tàbí tí ẹ bá mọ ẹni tí wọ́n ti ń tọ́jú taífọ́ọ̀dù rẹ̀ láti ọdún gbọ́rọ́ láìsàn, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa náà, mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀yin ń jẹ láàárọ̀. Èmi ni mo máa gbọ́ gbogbo rẹ̀, èmi kan náà ni mo máa gé ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò.

Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹun dáadáa. Ó dàbọ̀ o.